Elvyra àti Ìpín Ehoro

Ẹ má bi mí pé báwo ni obìnrin tó gbọ́n bí Elvyra ṣe lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bi mí, ọmọ tiwọn ń sáré kiri níta ni. Ọmọ tiwọn ń mí láìsí pé ẹ̀rọ kankan ń ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n fi ẹnu wọn jẹun.

Èmi àti Elvyra jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní láàbù kan ní ìlú Vilnius. Nǹkan tí à ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé bí ènìyàn ò bá fẹ́ fi ṣe fáàrí. Ara ènìyàn kún fún oríṣiríṣi purotéènì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, òmíràn ń sọ oúnjẹ di agbára nínú iṣan. Àwọn onímọ̀ á wá ìlànà tí ara fi ń ṣe ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á fi í sínú bakitéríà, bakitéríà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì ènìyàn bí ẹni pé ogún ìdílé rẹ̀ ni. Àwa á máa bọ́ ọ nínú omi kan tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin. Bó bá pọ̀ tán, a ó fọ́ ọ, a ó sẹ́ ohun tí a fẹ́ kúrò lára ìdọ̀tí, a ó rọ ọ́ sínú ìgò wẹ́wẹ́, a ó sì gbé e sínú firísà. Láti ibẹ̀ ó di ti àwọn oníwàádìí, tí wọ́n ń fi oògùn dán an wò nínú àwo. Lára ìgò kọ̀ọ̀kan ni a ti kọ ọ́ pé fún ìwádìí láàbù nìkan ni, kò wà fún ara ènìyàn. Elvyra ló ń lẹ ìwé náà. Ọwọ́ rẹ̀ tọ́ débi pé bí mo bá lẹ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ojú á tì mí.

Ọmọ olóyin ni, láti abúlé kan lọ́nà Utena. Kì í bínú kíákíá bíi tèmi, bẹ́ẹ̀ ni kì í rojọ́. Ọkọ rẹ̀ bá iṣẹ́ lọ sí Ireland, ó sì bá ibẹ̀ lọ pátápátá. Ọjọ́ tó sọ fún mi pé ọkùnrin náà ti fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, ohun tó fi kún un ni pé òun ti rí olú tó dára lọ́jà. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Gvidas, ọmọkùnrin gíga tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ní ilẹ̀ wa, bí bàbá bá ti oko tàbí inú igbó dé, tí ègé búrẹ́dì kan bá ṣẹ́kù nínú àpò rẹ̀, kì í jù ú nù. Yóò fún ọmọ, yóò ní, "Ehoro ló ní kí n fún ọ." Búrẹ́dì gbígbẹ ni o, ṣùgbọ́n ọmọ á jẹ ẹ́ bíi kéèkì. A gbé àṣà yìí wọ láàbù. Bí a bá rọ purotéènì tán, díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù tí kò kún ìgò. Kò ṣeé tà, ó sì máa ń dùn wá láti dà á nù lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn. Nítorí náà, purotéènì kọ̀ọ̀kan ní ìgò ńlá kan nínú firísà tí ẹnì kan ya etí gígùn méjì sí lára, ibẹ̀ la sì ń da àṣẹ́kù sí. Ìpín ehoro là ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, tàbí tó fẹ́ kọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun, á mú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè.

Gvidas bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú nígbà tó ń múra àtijáde ilé ẹ̀kọ́. Ó kọ́kọ́ ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Dókítà kan ní ó ń yára ga jù ni. Òmíràn ní ọ̀lẹ ni, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò jẹ́ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ṣì ń wá dókítà yẹn o, ọ̀rọ̀ wà láàárín àwa méjèèjì. Ìgbà tó fi máa yé wọn, ọmọ náà ti wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kò sì lè gbé ife omi dé ẹnu láìlo ọwọ́ méjèèjì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Elvyra wọlé bá mi ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó jókòó lórí àga, kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Zita, wọ́n ti sọ ohun tó ń ṣe Gvidas fún mi."

"Kí ni wọ́n ní ó jẹ́?"

"Wọ́n ní purotéènì kan ni ara rẹ̀ kò lè ṣe. Nítorí náà ni iṣan rẹ̀ ṣe ń kú."

"Purotéènì wo?"

Ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi. "Eléyìí," ló wí, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà firísà. "Eléyìí gan-an. Mo ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé dókítà, mo rò pé mo ṣì wà níbi iṣẹ́ ni."

Èmi tí wọ́n ń sọ pé ẹnu mi ò ní ìdérí, mo dákẹ́. Ilé rẹ̀ ni omi ti ń ṣàn, òùngbẹ sì ń pa ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, a rọ èyí tó pọ̀ nínú purotéènì náà, Elvyra lẹ ìwé mọ́ gbogbo rẹ̀, kò wọ́ ẹyọ kan.

Oògùn gidi fún àìsàn náà kò tíì sí. Àwọn dókítà kan ní Jámánì ń dán ọ̀kan wò lára ènìyàn díẹ̀. Elvyra kọ̀wé sí wọn, ó pè wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú èdè tí kò gbọ́ dáadáa. Wọ́n dáhùn tìfẹ́tìfẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró Gvidas ti rẹ̀ jù, àwọn kò lè gbà á. Mo rò pé yóò sunkún. Ó fọ ife tíì rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ o, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa àwa ènìyàn ibí. A kì í sọ̀rọ̀. Bí ìbànújẹ́ bá wọ ilé aládùúgbò, a ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a ó kan ilẹ̀kùn, a ó sì sá lọ kó tó ṣí i. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń bani dárò kò gbọ́dọ̀ da ìbéèrè bo ni. Àwọn òbí wa gbé láyé ìgbà tí ọ̀rọ̀ lè gbé ènìyàn dé ọ̀nà Siberia, níbi tí ìjọba ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ, nítorí náà ni wọ́n fi tọ́ wa pẹ̀lú ẹnu dídì. Èmi nìkan ni mo yàtọ̀, wọ́n sì ń bú mi fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní láàbù. Láti ìgbà ooru, a rí i pé Elvyra máa ń dúró níwájú firísà, ó ń wo ìgò ehoro ti purotéènì náà. Láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan, ìgò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹni tó ń rọ ìgò á "ṣèèṣì" rọ díẹ̀ kù. Ẹni tó ń fọ òpó gíláàsì tí a fi ń sẹ́ purotéènì á fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì da ohun tó bá jáde síbẹ̀. Kálukú ń ṣe tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àbí? Gbogbo wa la rò pé àwọn ará Jámánì ló fẹ́ kó o ránṣẹ́ sí, kí wọ́n lè tètè rí oògùn náà ṣe. Ó bọ́gbọ́n mu lójú wa. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àtìgbà tí àwọn ará Jámánì ti kọ̀ ló ti pinnu pé òun yóò fi í gún ọmọ òun fúnra òun. Ó mọ ewu rẹ̀, kì í ṣe òpè. Ohun tó bá ti ara bakitéríà jáde máa ń gbé ìdọ̀tí kan dání, tó ń fa ibà tó lè pa ènìyàn. Nínú àwo láàbù kò ṣe nǹkan kan, nínú ẹ̀jẹ̀ iná ni. Nítorí náà, nígbà tí ìgò ehoro kún dé ìdajì, ó yọ gbogbo rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ títí tí kò rí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ó wá dà á padà sínú ìgò ehoro kan náà, ó sì gbé e padà sí àyè rẹ̀, torí kò sí firísà mìíràn tó tutù tó bẹ́ẹ̀, ìgò tuntun á sì jẹ́ kí wọ́n béèrè.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti wá. A kò mọ̀ pé ó ti fọ̀ ọ́. Òun náà kò rántí pé ọwọ́ wa kò tíì dúró.

Ìparí oṣù kẹwàá dé, òtútù ti mú. Dókítà ilé ìwòsàn sọ fún Elvyra pé ẹ̀rọ tí Gvidas fi ń mí lóru kò ní tó mọ́ láìpẹ́. Nígbà tó bi í pé títí di ìgbà wo, dókítà náà wo ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì, bí a ti ń wọ kóòtù láti lọ sílé, ó na kọ́kọ́rọ́ kan sí mi.

"Gbà."

"Ti ibo nìyí?"

"Ti ilé mi. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó rẹ̀ mí, wá bá mi bọ́ Gvidas. Má jẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ̀ gbóná jù. Gé búrẹ́dì rẹ̀ kékeré, ó ń há a lọ́nà ọ̀fun."

"Kí ló fẹ́ rẹ ìwọ? Ìwọ tí yìnyín gan-an ń sá fún."

"Ènìyàn ni mí, Zita."

"O ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ìyá arúgbó tó ń pín ìkòkò kí wọ́n tó kú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìkòkò mi ò dára, ìwọ náà ò ní gbà á." Ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ohun tí kì í ṣe rí, ó sì lọ bá bọ́ọ̀sì. Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló tún dé.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ilẹ̀ wa ń lọ sí itẹ́ òkú láti tan àbẹ́là fún àwọn ẹni wọn. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́, àfi àwa tí bakitéríà ń dúró dè, torí bakitéríà kò mọ ọjọ́ ọ̀wọ̀. Èmi àti Dókítà Rimvydas, ọ̀gá wa, la wà níbẹ̀. Rimvydas yìí, ẹni tó lè bá ènìyàn jà nítorí ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan ni. A ní bó bá ń lá àlá, àlá nípa ìfowópamọ́ ló ń lá. Láàárọ̀, Elvyra yà wọlé, ó ní òun gbàgbé síkáàfù. Ó lọ síwájú firísà, ó yára jáde, ó di nǹkan mọ́ àyà rẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn.

Ọ̀sán ti ń pọ́n kí Rimvydas tó ṣí firísà. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rò pé ojú mi ń ṣe mí ni.

"Elvyra ti gbé e lọ?" ló bi mí.

"Kí ni?"

"Ti ehoro."

"Ó ní láti jẹ́ ohun tó gbé láàárọ̀ nìyẹn."

"Ó dára. Mo fi díẹ̀ kún un lánàá, kí ó lè tó nǹkan."

Mo gbé ìgò ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ẹ̀yin, Dókítà? Ẹ̀yin lẹ fi kún un?"

"Má pariwo. Ṣé o rò pé mi ò lójú ni? Gbogbo yín ti ń dà á síbẹ̀ láti ìgbà ooru, ẹ rò pé mi ò rí yín. Èmi náà bí ọmọ."

"Èwo lẹ wá fi kún un?"

"Ìgò ńlá tó wà nínú fíríìjì mi. Ó ṣì dára, mo ti fi oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ sí i. Kò ní dí àwọn ará Jámánì lọ́wọ́, inú àwo ni wọ́n ṣáà máa lò ó."

Oògùn tó ń sọ yẹn, a mọ̀ ọ́n dáadáa. Májèlé ni. Ohun tó ń pa kòkòrò tí nǹkan fi ń pẹ́ nínú fíríìjì, òun náà ló lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wálẹ̀ kí ọkàn sì dúró. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló kọ́kọ́ mú mi láyà. Ọwọ́ mi wà nínú àpò, ó sì kan kọ́kọ́rọ́.

"Dókítà, ta ló sọ fún yín pé Jámánì ló ń gbé e lọ?"

"Àbí kì í ṣe ibẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lánàá. Ó ní bó bá rẹ òun, kí n wá bọ́ ọmọ òun."

Ojú Rimvydas funfun bí ògiri. Ó fa àpótí abẹ́rẹ́ jáde, a rí i pé wọ́n ti ṣí páálí kan. "Ó fẹ́ fi gún ọmọ náà," ló wí, ohùn rẹ̀ ò jọ tirẹ̀ mọ́. "Olúwa mi, èmi ni mo ti..." Kò parí ọ̀rọ̀. A ti ń sáré lọ sí ìdí ọkọ̀.

Mo pe Elvyra, mo pè é, mo pè é. Fóònù ń dún, kò gbé e. Àdúgbò Antakalnis ni ilé rẹ̀ wà, nítòsí itẹ́ òkú ńlá ibẹ̀, gbogbo Vilnius ló sì ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú òdòdó nínú ìkòkò. Ọlọ́pàá ti dí títì. Rimvydas ń lu ọwọ́ mọ́ ìdarí ọkọ̀, ó ń bú ara rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ènìyàn tó rí ara mi yìí mọ̀ pé a ò dá mi fún eré sísá. Ìyá kan tó gbé àbẹ́là dání pè mí pé, "Rọra, arábìnrin, àwọn òkú ò ní lọ ibì kankan!" Mo bú u. Mo bú u pẹ̀lú ohun tí n kò lè kọ síbí, lọ́jọ́ ọ̀wọ̀, níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ń sáré, mo ń gbàdúrà, mo sì ń bínú sí Elvyra, sí Rimvydas, sí gbogbo àwa tí ẹnu wa dì. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Odindi láàbù, kò sí ẹnì kan tó béèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé nìyí. Elvyra sọ fún Gvidas pé oògùn fítámì tuntun dé, pé òun yóò fún un tó bá di alẹ́. Ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fa purotéènì sínú abẹ́rẹ́ méjì. Ó bo ọ̀kan pẹ̀lú áńkáṣíìfù mímọ́. Ó fi èkejì gún ara rẹ̀ lápá, torí ó ti rò ó pé bí ó bá máa pa ẹnikẹ́ni, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó fẹ́ wo ara rẹ̀ títí di alẹ́, bóyá ibà yóò dé. Ibà kò ráyè dé. Orí rẹ̀ fò lọ, ó di tábìlì mú, tábìlì kò gbà á.

Gvidas gbọ́ bí ó ṣe ṣubú. Ọmọ tí kò lè gbé ife. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ há, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ fa ara rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, bí mo ṣe bá wọn nìyẹn. Elvyra dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Gvidas fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, fóònù wà níwájú ẹnu rẹ̀, obìnrin kan ń sọ nínú rẹ̀ pé ọkọ̀ aláìsàn ti ń bọ̀. Kò ní èémí tó máa fi sọ̀rọ̀ kó tún fi mí. Ó ń yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

"Àǹtí... Zita... Mama ò... dá mi lóhùn."

"Mo ti dé, Gvidas. Mí. Má sọ̀rọ̀, mí."

"Ẹ gbé... orí... Mama."

Mo gbé orí rẹ̀ sórí itan mi. Mo pè é, mo gbá a létí, mo pè é. Mo rí abẹ́rẹ́ kejì lábẹ́ áńkáṣíìfù, mo dìde, mo tú u dànù sínú síńkì, mo sì ṣí omi lé e títí. Àwọn oníṣègùn dé. Kò pẹ́ tí Rimvydas náà wọlé, òógùn bo ojú rẹ̀, ó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ sáàárín títì. Wọ́n ń bi ara wọn pé ọkàn ni àbí ọpọlọ. Ó dúró níwájú wọn, ó pe orúkọ májèlé náà, ó sọ bó ṣe pọ̀ tó, ó ní, "Èmi ni mo fi sí i." Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń dà á. Bí ó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ni wọ́n fi rí Elvyra gbà là, òun náà ni wọ́n sì fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí.

Nígbà tí Elvyra lajú nílé ìwòsàn, èmi ló kọ́kọ́ rí. Kò béèrè ibi tó wà.

"Gvidas ńkọ́?"

"Ó wà ní yàrá kejì. Wọ́n ń ṣe ìtọ́jú èémí rẹ̀. Májèlé ló wà nínú ìgò yẹn, Elvyra, Rimvydas ló fi kún un láìmọ̀."

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì kí ni?"

"Abẹ́rẹ́. Èyí tó kù. Mo lè tún un fọ̀. Májèlé yẹn á jáde, Zita, mo mọ bó ṣe máa jáde, a ó kàn..."

"Mo ti dà á nù."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "O ti pa ọmọ mi," ló wí, ó sì yíjú sí ògiri. Mo jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ bá a jà, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tọrọ àforíjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì ti Gvidas wọlé lórí kẹ̀kẹ́, ìbomú èémí wà lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sún òun mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ ìbomú náà. Nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mama, kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Elvyra kò yíjú. "Kí n bi ọ́ pé kí ni? Pé ṣé o fẹ́ yè?"

"Pé ṣé mo fẹ́ kí ẹ kú ṣáájú mi."

Gvidas fi ìbomú mí díẹ̀, ó tún yọ ọ́.

"Mo sùn tì yín lórí ilẹ̀. Mi ò lè gbé orí yín. Mo rò ó pé ó ti tán, pé ó ku èmi nìkan. Ẹ̀rù ikú ò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí, Mama. Ta ló máa dì mí lọ́wọ́ mú tó bá dọjọ́ náà? Àǹtí Zita? Àǹtí Zita ò lè pa ẹnu dé fún ìṣẹ́jú kan."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé mo máa kú," ni Gvidas wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kàn ń rìn yí i ká ni. Ẹ̀yin lẹ máa sin mí."

"Má sọ bẹ́ẹ̀!" Elvyra dìde jókòó, gbogbo okùn ara rẹ̀ sì fà. "Má fi ẹnu rẹ sọ ọ́! Ìyá kì í sin ọmọ! Ó lòdì, Gvidas, ó lòdì!"

"Ó lòdì. Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ máa wà láàyè lọ́jọ́ náà."

Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Mi ò rí ojú tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin tó ti múra àtikú tán, ohun tó rọrùn fún un lọmọ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún gbogbo ọdún tí kò sun. Gvidas dúró dè é, ìbomú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń ṣú lọ.

"Mo ṣèlérí," ló wí níkẹyìn. "Fi ìbomú rẹ sójú."

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ni. Ilẹ̀ ti dì, ẹ̀rọ ni wọ́n fi wa sàréè Gvidas. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, mo fi apá mi kọ́ tirẹ̀, mo rò pé yóò ṣubú lé mi lórí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́, ó dà á lé pósí náà, ó sì nàró padà. Elvyra wà láàyè.